Ìpele Kẹta

Omi ti ṣàn dé àtẹ̀gùn kẹrin kí Àǹtí Káàdì tó dé ibẹ̀. Lókè pátápátá, Kòjókòó dúró pẹ̀lú garawa òfìfo lọ́wọ́ ọ̀tún àti káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ojú rẹ̀ tutù bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àṣetiléwá. Kò sá. Kò sunkún. Nísàlẹ̀, níbi tí omi ń bọ̀ wá bá, pátákó kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn agbálẹ̀ máa ń lò ti wà ní ìdúró, ó ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọjá pé ilẹ̀ ń yọ̀.

"Ta ló da omi yìí?" Àǹtí Káàdì béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé garawa ti dáhùn.

"Èmi ni, Àǹtí." Ọmọ náà rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí omi ò dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì na káàdì náà sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí Káàdì ti ń ṣe olùkọ́. Àwọn ọmọ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ti fi irọ́ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi omijé bẹ̀ ẹ́, ọ̀kan tilẹ̀ ti fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́ rí. Èyí tó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́, òun ni àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ìkẹta nínú ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Kòjókòó ka ohun tó kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mi orí bí ẹni tí nǹkan tẹ́ lọ́rùn, ó sì gba kíláàsì rẹ̀ lọ.

Inú Àǹtí Káàdì bàjẹ́ gan-an. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi ló dùn ún. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìpàdé gbogbo olùkọ́, ibẹ̀ sì ni Ọ̀gá ilé-ìwé yóò ti pinnu bóyá ètò tí òun fi ọdún méjì gbé kalẹ̀ á máa lọ, tàbí wọ́n á padà sí Ìwé Ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́. Tó bá jẹ́ Ìwé Ẹ̀ṣẹ̀ ni, orúkọ Kòjókòó ni yóò kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan, ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-ìwé mìíràn ọ̀hún wà lódìkejì ìlú, ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò wọ bọ́ọ̀sì méjì kó tó dé ibẹ̀.

Ètò náà fúnra rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ìpele kìíní jẹ́ ti gbogbo ọmọ: òfin mẹ́rin péré tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri, tí àwọn olùkọ́ ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní ìṣirò, tí wọ́n sì ń yìn wọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣe é. Ìpele kejì jẹ́ ti àwọn mọ́kànlá tí ìyẹn nìkan ò tó fún. Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, Àǹtí Káàdì fúnra rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìkàwé, á pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, á bi í bó ṣe sùn, á fún un ní káàdì ọjọ́ náà. Olùkọ́ á fi àmì sí káàdì lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ á gbé e padà wá nígbà tí ilé-ìwé bá parí, á sì gbé e lọ sílé kí àgbà kan fọwọ́ sí i. Ìpele kẹta jẹ́ ti ọmọ mẹ́ta péré, àwọn tí wàhálà wọn pọ̀ jù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ètò tirẹ̀ àti àgbàlagbà tirẹ̀. Torí káàdì yìí ni gbogbo ilé-ìwé ṣe ń pè é ní Àǹtí Káàdì. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ náà ń fi pè é nílé nígbàkígbà tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan.

Kòjókòó, ohun tí orúkọ rẹ̀ wí náà ló jẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé kíláàsì karùn-ún, á máa rìn káàkiri láàárín iṣẹ́ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Wọ́n gbé e sí ìpele kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko, èjì-èjì, tí í ṣe àmì tó ga jù, ló kún inú káàdì rẹ̀. Àǹtí Káàdì ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé tó fẹ́ kà níwájú Ọ̀gá. Ọmọ yìí ni ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejọ wá dé. Ní Ọjọ́ Ajé, Kòjókòó kó gbogbo ṣọ́ọ̀kì kíláàsì pamọ́. Ní Ọjọ́rú, ó kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àkókò ìwé-kíkà ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Òní Ọjọ́ Ẹtì rèé, ó di omi.

Nínú yàrá àwọn olùkọ́, Bàbá Ìṣirò ń po tíì rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ètò tuntun kan tó dé ilé-ìwé náà tí kò rí ihò lára rẹ̀.

"Àǹtí Káàdì, mo gbọ́ pé ẹlẹ́rìí yín ti fọ àtẹ̀gùn fún wa."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n ronú."

Bàbá Ìṣirò wò ó, ó rí i pé kì í ṣe ọjọ́ àwàdà, ó sì gbé tíì rẹ̀ jáde.

Àǹtí Káàdì mú ìwé pélébé kan tó ní òpó mẹ́ta: ṣáájú, ohun tó ṣe, lẹ́yìn náà. Òun ló kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó máa ń sọ fún wọn pé ọmọ kì í ṣe nǹkan lásán. Ó ń wá nǹkan ni, tàbí ó ń sá fún nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kí ló ń sá fún? Yíya àwòrán ni iṣẹ́ tó wà ní kíláàsì nígbà náà, Kòjókòó sì fẹ́ràn àwòrán. Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n wo òun ni? Kò sí ẹnì kankan lórí àtẹ̀gùn. Kí ló wá rí gbà? Ó wo òpó kẹta títí. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ náà rí gbà ni pé wọ́n kọ nǹkan sí káàdì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì tọrọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò yé e rárá. Nígbà tí aago ìsinmi lù, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde ní ọgbà.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ni Kòjókòó ń gbé. Télọ̀ ni ìyá náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ilé-ìwé. Àǹtí Káàdì kò tíì wọ ibẹ̀ rí. Bó ṣe ń wọlé, ohun tó kọ́kọ́ rí ni ògiri. Lápá kan, wọ́n gún àwọn bébà tí wọ́n kọ ìwọ̀n àyà, ìbàdí àti apá àwọn oníbàárà sí mọ́ ọn. Lápá kejì, káàdì ni. Káàdì márùndínlógójì, wọ́n tò wọ́n ní ìlà méje, wọ́n fi píìnì olórí pupa gun ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Àǹtí Káàdì. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó sórí èyí, aṣọ tí wọ́n máa wá gbà lọ́la wà lórí ìyẹn." Ìyá náà kò dá máṣíìnì rẹ̀ dúró. "Ó ti dé ibẹ̀, àbí? Òní ló ní ó máa pé."

"Ó dé ibo, mà?"

"Ìpele kẹta."

Àǹtí Káàdì rò pé ariwo máṣíìnì ló da etí òun rú. Ó tún béèrè, ìyá náà sì tún sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló sọ fún yín pé ibi tó dáa ni ìpele kẹta, mà?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kọ ọ́?" Ìyá náà ṣí dúrọ́ọ̀ tó ń kó bọ́tìnnì sí, ó fa lẹ́tà kan yọ. Lẹ́tà ilé-ìwé ni. Àǹtí Káàdì mọ̀ ọ́n, torí òun ló jókòó kọ ọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nígbà náà. "Ẹ wò ó. Ìpele kìíní, gbogbo ọmọ. Ìpele kejì, ọmọ díẹ̀. Ìpele kẹta, ọmọ bíi mẹ́ta péré nínú irínwó. Èmi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń jẹ́ ipò. Ọjọ́ tí ẹ ní ọmọ mi ti bọ́ sí ìpele kejì, orí mi wú. Mo sọ fún gbogbo oníbàárà mi. Àfi ìgbà tí mo ka ìsàlẹ̀." Ó gbé lẹ́tà náà súnmọ́ ojú. "'Ọmọ tó bá ṣe dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yóò padà sí ìpele kìíní.' Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, irú ilé-ìwé wo rèé? Ọmọ ṣe dáadáa, wọ́n ní àwọn á dá a padà sísàlẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ fún un, mà?"

"Mo ní kó lọ bi àwọn mẹ́ta yẹn ohun tí wọ́n ṣe tí wọ́n fi gòkè. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sí káàdì èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, ó parí. Ó ní òun á wá nǹkan ṣe. Mo ní kó ṣáà má pa ẹnikẹ́ni lára."

Pátákó aláwọ̀ ìyeyè yẹn wá yé e. Ṣọ́ọ̀kì náà yé e, torí Kòjókòó ti dá gbogbo rẹ̀ padà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan tó ṣẹ́. Gbogbo òfin tí wọ́n fún ọmọ yìí, ti ilé àti ti ilé-ìwé, ló tẹ̀ lé láì yẹ ọ̀kan. Ẹ̀rín fẹ́ gbé Àǹtí Káàdì, ẹkún náà sì fẹ́ gbé e, ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì lórí àga télọ̀.

Ó gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. "Mà, ìpele kẹta kì í ṣe ipò. Àwọn tí wàhálà wọn pọ̀ jù là ń gbé lọ síbẹ̀."

Máṣíìnì dúró. "Ìpele kejì náà ńkọ́?"

"Àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ sí i ni."

"Mo sì ti sọ fún gbogbo oníbàárà mi," ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò ronú nípa bó ṣe máa dún létí ẹlòmíì."

"Ìpele." Ìyá náà tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. "Tí ẹ bá sọ fún mi pé aṣọ tí mo rán ti dé ìpele kẹta, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni." Ó dìde, ó lọ síbi ògiri. Àǹtí Káàdì rò pé ó fẹ́ já àwọn káàdì náà sílẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ kan ìlà àkọ́kọ́. "Èjì-èjì inú rẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ní ìtumọ̀ mìíràn?"

"Rárá, mà. Èjì, dáadáa ni. Kò ní ìtumọ̀ mìíràn."

"Ó dáa. Wọ́n á wà níbẹ̀." Ó tún káàdì kan tó ti wọ́ ṣe, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní aago méjì, àwọn olùkọ́ kún yàrá ìpàdé. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó nídìí tábìlì tó wà níwájú. Obìnrin kúkúrú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó máa ń gbọ́ tẹnu èèyàn tán kó tó gbé bírò. Ó ní, "Àǹtí Káàdì, ọmọ tí ẹ ní ká fi wo ètò yín, òun náà ló da omi láàárọ̀. À ń gbọ́."

Ojú ìwé mẹ́fà ni Àǹtí Káàdì ti tẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀ sínú fáìlì. Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti orí lẹ́tà dé orí káàdì ara ògiri. Nígbà tó dé ibi tí ìyá àgbà ti ní kí ọmọ ṣáà má pa ẹnikẹ́ni lára, Bàbá Ìṣirò gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó jókòó tì í rò pé ara rẹ̀ ò yá. Ẹ̀rín ni.

"Ẹ rántí pé mo béèrè," ó wí nígbà tó rí ohùn lò. "Ọjọ́ tí ẹ mú un wá, mo ní, ìpele yìí, ṣé òkè ló ń lọ ni àbí ìsàlẹ̀? Ẹ ní kí n má gbé ìṣirò dé ibẹ̀."

"Mo rántí, sà. Ẹ̀yin lẹ jàre." Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, ó sì yà á lẹ́nu pé kò dùn ún.

Bàbá Ìṣirò nu ojú rẹ̀. Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Mà, mo ti ń wá ohun tí màá fi gbógun ti ètò yìí láti ọdún méjì. Mi ò ní purọ́, kì í ṣe èyí. Ọmọ tí kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣe é ní ọjọ́ tó yẹ, ó gbé àmì ìkìlọ̀ kalẹ̀ kó tó da omi. Ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wa, ó sì gba ọ̀nà tí a là sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kí wọ́n kàn bá wa wá ọ̀rọ̀ mìíràn."

Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì gbójú sókè. "Ìwé Ẹ̀ṣẹ̀ á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ náà á wà níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ tuntun, mo fẹ́ ẹ lórí tábìlì mi ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ara tu Àǹtí Káàdì débi pé kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà. Ẹnì kan ní kí wọ́n pè é ní agbo, wọ́n ní àwọn ọmọ á máa jó. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi àwọ̀ pè é, Bàbá Ìṣirò ní kò sí àwọ̀ tí ọmọ ò ní fẹ́ ju ìkejì rẹ̀ lọ. Wọ́n ń jiyàn títí aago fi lù, inú gbogbo wọn sì dùn.

Kòjókòó ló gbé káàdì dé kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí àga kékeré tó kọjú sí tábìlì.

"Ṣé mo ti dé ibẹ̀, Àǹtí?"

Àǹtí Káàdì ṣàlàyé fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì jẹ́ kó dà bí ìbáwí. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó ronú.

"Ìyẹn ni pé àwọn mẹ́ta yẹn ò gba ipò kankan."

"Wọn ò gba ipò. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń gbà."

"Wọn ò mọ̀ o, Àǹtí. Wọ́n ń yangàn."

Àǹtí Káàdì fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa jáde. "Ti omi yẹn ńkọ́? O máa bá agbálẹ̀ nu àtẹ̀gùn."

"Mo ti nù ún. Àkókò oúnjẹ ni mo fi nù ún." Ó ń yí etí káàdì náà láàárín ìka. "Tí mi ò bá ṣe nǹkan kan mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á pé."

"Á pé. Mo mọ̀ pé wàá ṣe é."

"Ẹ ò wá ní máa dúró dè mí mọ́ láàárọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Káàdì máa ń sọ ní irú àkókò yìí ti wà lẹ́nu rẹ̀: pé ohun ayọ̀ ni, pé ọmọ tó ti dàgbà kọjá káàdì ni. Ó ti sọ ọ́ fún ọmọ mẹ́sàn-án láàárín ọdún méjì. Ó kọ àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí ìwé ìròyìn gẹ́gẹ́ bí àṣeyọrí, láti ìgbà náà, ó kàn ń juwọ́ sí wọn ni tí wọ́n bá pàdé lọ́dẹ̀dẹ̀, torí iṣẹ́ pọ̀. Méjì nínú wọn ti tún bàjẹ́ kí sáà tó parí, wọ́n sì ti padà sídìí káàdì. Lórí ìwé àwọn méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé a kò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

"Màá máa dúró dè ọ́," ó wí.

"Láìsí káàdì?"

"Láìsí káàdì. Ṣáà wá kí mi."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí á fi sú ọ."

Kòjókòó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa. "Ó lè pẹ́ o, Àǹtí."

"Kò burú."

Ọmọ náà dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kí i pé ó dàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó sì lọ. Àǹtí Káàdì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó fa bébà kan sọ́dọ̀, ó kọ orúkọ àwọn méje tó kù nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, tí wọn ò tíì padà sídìí káàdì, ó sì kọ kíláàsì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà báyìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kíláàsì méjì nínú wọn, ó ní láti lọ béèrè. Mọ́kànlá àti méje, ọmọ méjìdínlógún ni yóò máa dúró dè láàárọ̀. Ó wo yàrá kékeré náà yíká, ó sì rí i pé kò ní gbà wọ́n. Wọ́n á máa dúró lọ́dẹ̀dẹ̀.